Ojú wáípà la ti rí Edinburgh

Èèyàn mẹ́ta la lọ: èmi, ọmọ mi obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún 9, àti àbúrò ìyá mi tó wá kí wa láti Nàìjíríà. Àǹtí là ń pè é nínú ẹbí; ọmọ mi ló ń pè é ní Ìyá àgbà. Ẹni ọdún 68 ni. Jọ́gíráfì ló kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama títí tó fi fẹ̀yìn tì, orúnkún rẹ̀ ọ̀tún sì ti ń dà á láàmú láti bí ọdún mélòó kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ orúnkún yẹn sọ́kàn. Èmi tó yẹ kí n fi sọ́kàn lọ́jọ́ náà kò fi sọ́kàn, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Glasgow là ń gbé. Láti ibẹ̀, ọkọ̀ ojú irin ń dé ibùdó Waverley ní Edinburgh láàárín nǹkan bí 50 ìṣẹ́jú. Ètò tí mo ṣe sílẹ̀ lálẹ́ Jímọ́ọ̀ fún Sátidé rèé: aago 10:30, a ó wọ bọ́ọ̀sì afẹ́, ìyẹn bọ́ọ̀sì alájà méjì tó ń yí ìlú po, tí èèyàn lè sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀ níbi tó bá wù ú kó sì wọ òmíràn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Aago 11:30, a ó wọ ilé olódi tó wà lórí àpáta, torí àkókò tó wà lára tíkẹ́ẹ̀tì wa nìyẹn. Tí a bá jẹun ọ̀sán tán, a ó gun Arthur's Seat "díẹ̀". Òkè tó ga tó 251 mítà ni Arthur's Seat. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Mo wo ojú ọjọ́ lórí fóònù, mo rí àwòrán ìkùukùu àti ẹ̀kán omi, mo ní òjò oṣù kẹwàá lásán ni, kò lè dí wa lọ́wọ́.

Lóòótọ́, òjò Edinburgh kò pọ̀ tó bí wọ́n ṣe ń pariwo rẹ̀. Nǹkan bí 700 mìlímítà ló ń rọ̀ síbẹ̀ lọ́dún; ti Glasgow jù ú lọ dáadáa. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé díẹ̀ tó ń rọ̀ yẹn kì í fẹ́ tán, kì í sì í ti òkè wá. Ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà wá. Afẹ́fẹ́ á gbé e, á fi gbá èèyàn lójú, á sì wọ inú ọrùn ẹ̀wù. Àwọn ará ibẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kan fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀: dreich. Bí ẹni tó ń ha ọ̀fun ni wọ́n ṣe ń pè é, ó sì bá ọjọ́ náà mu wẹ́kú. Wọ́n tún ní haar, kùrukùru tútù tó máa ń ti ojú òkun gbá wọ ìlú. Àwọn méjèèjì ló wá pàdé wa ní ibùdókọ̀.

Kí a tó dé ibi tí bọ́ọ̀sì wà, agbòjò Àǹtí ti ṣẹ́ sódì. Ó wò ó, ó wo ojú mi, ó ká a, ó sì jù ú sínú agolo ìdọ̀tí tó wà lẹ́bàá ọ̀nà. Tiwa kọ́ ni àkọ́kọ́. Agbòjò mẹ́ta ló ti wà nínú agolo náà ṣáájú, irin wọn yọ síta bí apá ẹyẹ tó kán.

Ọmọ mi ní òkè bọ́ọ̀sì lòun fẹ́ jókòó sí. Èmi náà sì fẹ́ bẹ́ẹ̀, mi ò fẹ́ sọ ni. Apá iwájú òkè yẹn ní ìbòrí, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, àwọn tó gbọ́n jù wá lọ sì ti gba iwájú. A fi tíṣù nu ìjókòó. Tíṣù tán, omi kò tán. Wọ́n fún wa ní íyápíìsì tí a ó fi máa gbọ́ àlàyé, ṣùgbọ́n ihò tó wà níbi ìjókòó Àǹtí kò sọ̀rọ̀ rárá, ni mo bá di ògbufọ̀. Ohùn ọkùnrin kan tí ara rẹ̀ yá gágá ni, ó dájú pé ọjọ́ tí oòrùn ràn ni wọ́n gbà á sílẹ̀. Ó ní ká wo ọwọ́ ọ̀tún, ká wo bí ilé olódi ṣe dúró gangan lórí àpáta. A wo ọwọ́ ọ̀tún. Funfun ni gbogbo rẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n fi aṣọ ta ojú ọ̀run.

"Kí ló ní ó wà níbẹ̀?"

"Ilé olódi ni, Àǹtí."

Ó wo funfun náà títí. "Àkànní, kí là ń wò gan-an?"

Ọmọ mi bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín, torí owó mi ló ń jó.

Nǹkan bí aago 11:15, a sọ̀ ní Lawnmarket. Láti ibẹ̀ sí ẹnu ilé olódi kò jìnnà, àmọ́ ó ga, òkúta ni wọ́n sì tẹ́ sí ilẹ̀ níbẹ̀, òkúta kéékèèké tí ẹsẹ̀ èèyàn ti ń tẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ títí ó fi ń dán bí ìdí ìkòkò. Èmi ló ṣáájú, fóònù tí tíkẹ́ẹ̀tì wà nínú rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, mo ń wo aago. Ọmọ wà láàárín. Àǹtí ló wà lẹ́yìn. Ẹ rí i bí mo ṣe tò wá? Ẹni tó yẹ kí n di ọwọ́ rẹ̀ mú ni mo fi sí ìdí ìlà.

Mo gbọ́ "Yéè!", kì í ṣe igbe ńlá. Nígbà tí mo yíjú padà, Àǹtí ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan lórí òkúta, èkejì di irin ẹnu ọ̀nà ilé kan mú. Bàtà rẹ̀ ọ̀tún ti bọ́. Àwọn ọkọ àti ìyàwó kan tó ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ sáré sí i, wọ́n fẹ́ gbé e dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ó fi ọwọ́ dá wọn dúró, ó ní kí wọ́n jẹ́ kóun mí ná. Ọmọ mi ló gbé bàtà náà. Ó da omi inú rẹ̀ nù, ó kúnlẹ̀ sínú omi, ó sì wọ̀ ọ́ sí i lẹ́sẹ̀. Mo dúró síbẹ̀ bí igi. Fóònù ṣì wà lọ́wọ́ mi, aago sì ń lọ.

Kò sí ohun tó kán, ọpẹ́ ni. Orúnkún ta á, àtẹ́lẹwọ́ bó díẹ̀. A fà á wọ abẹ́ òrùlé ẹnu close kan tó wà nítòsí. Close ni wọ́n ń pe àwọn ọ̀nà tóóró tó ń já láti ara Royal Mile, títì gígùn tí Lawnmarket jẹ́ apá kan rẹ̀, sọ̀kalẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, bí eegun ẹ̀gbẹ́ ẹja ṣe ń já lára eegun ẹ̀yìn rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ jẹ́ ká rọra máa lọ, ó ku ìṣẹ́jú 10."

"Ìṣẹ́jú 10 kí kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Àkókò tí wọ́n kọ sí tíkẹ́ẹ̀tì ni, mà."

"Nínú ilé olódi yẹn ńkọ́, ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú?"

Mi ò lè purọ́ fún un. Mo ti débẹ̀ rí: láti ẹnu géètì dé òkè pátápátá, òkúta náà ni, ó sì ń gòkè ni. Ó mi orí. Ó ní, "Àkànní, owó tó lọ ti lọ. Orúnkún yìí ni mo fi máa wọ ọkọ̀ òfuurufú padà sílé."

Báyìí ni tíkẹ́ẹ̀tì ilé olódi ṣe jóná. Mo bínú, mi ò ní tan yín. Mo bínú sí òjò, mo bínú sí òkúta, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bínú sí orúnkún. Lásìkò tí mo ń bínú yẹn ni Àǹtí ń wo ilẹ̀.

Omi ń ṣàn ní ẹ̀gbẹ́ títì, ó dé ẹnu close tí a wà, ó sì já wọ inú rẹ̀, ó ń bọ́ láti orí àtẹ̀gùn kan sí òmíràn. Ó ní kí ọmọ mi mú bébà kan wá. Rìsíìtì tíì tí a mu ní ibùdókọ̀ ló wà lápò rẹ̀. Ó jù ú sínú omi. Bébà náà yí lẹ́ẹ̀mejì, ó bọ́ sórí àtẹ̀gùn, ó sì lọ. Àǹtí nawọ́ sí òdìkejì títì. Close mìíràn wà lọ́hùn-ún, omi tó wà níhà ibẹ̀ sì ń já wọ inú tirẹ̀, ó ń lọ sí apá ibòmíràn pátápátá.

"Ìyá mi, orí kí ni a wà?" Àǹtí ló bi ọmọ mi bẹ́ẹ̀.

"Orí òkè, Ìyá àgbà."

"Orí ìrù ni."

Ìgbà yẹn ló tó sọ fún wa. Àìmọye ìgbà ló ti ya àwòrán àpáta yìí sára pátákó ní kíláàsì. Inú ìwé ló ti rí i, inú ìwé ló sì ti kọ́ ọ, kò fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ rí. Crag and tail ni wọ́n ń pè é nínú ìwé jọ́gíráfì, àpáta àti ìrù. Nígbà kan rí, yìnyín tó nípọn bí òkè bo gbogbo ilẹ̀ yẹn, ó ń rọra wọ́ láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn. Ó wá kan àpáta líle kan, òkúta yíyọ́ tó dì sí ọ̀nà ọ̀fun òkè ayọnáyèéfín kan ní nǹkan bí 350 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Yìnyín kò lè gbé e. Ó pín sí méjì, ó gba àríwá, ó gba gúúsù, ó sì gbẹ́ ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì di àfonífojì. Ilẹ̀ tí kò le tó bẹ́ẹ̀, tó wà lẹ́yìn àpáta náà, ríbi sá pamọ́ sí. Òun ló ṣẹ́ kù bí ìrù, tó ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ síhà ìlà oòrùn. Ilé olódi wà lórí àpáta. Royal Mile wà lórí ìrù, títí dé ààfin Holyrood nísàlẹ̀.

Mo ti lọ sí Edinburgh tó ìgbà mẹ́rin kó tó di ọjọ́ yẹn. Mi ò bi ara mi rí ìdí tí títì yẹn fi rí bẹ́ẹ̀.

Ó ní ká padà sínú bọ́ọ̀sì, kóun lọ wo ìrù náà tán. Tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì afẹ́ ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí 24, nítorí náà a kò san kọ́bọ̀ sí i. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó dárúkọ òkè bọ́ọ̀sì. Ìsàlẹ̀ la wọ̀, síbẹ̀ ìsàlẹ̀ náà ní ìyọnu tirẹ̀: èémí èèyàn àti ẹ̀wù tútù ti bo gbogbo gíláàsì ẹ̀gbẹ́. Èèyàn á fi ọwọ́ nu ún, yóò rí títì fún ìṣẹ́jú kan, yóò tún bò. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ náà jókòó bí ẹni tí wọ́n dì sínú wàrà, wọ́n ń gbọ́ ìtàn ìlú tí wọn kò rí.

Ibì kan ṣoṣo ló mọ́ nínú ọkọ̀ yẹn: gíláàsì iwájú, níbi tí wáípà ń gbá. Àwọn ìjókòó tó wà níwájú jẹ́ ti àgbàlagbà àti ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn. Àǹtí tó fi gbogbo ìrìn àjò náà ń sọ pé kí n má pe òun ní àgbàlagbà, ó rọra lọ jókòó síbẹ̀ láìbá ẹnikẹ́ni sọ ọ̀rọ̀ kan. Ọmọ mi há ara rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo dúró lẹ́yìn wọn, mo di irin mú. Wáípà á lọ, ìlú á yọ. Wáípà á bọ̀, ìlú á rọ. Báyìí la ṣe wo Edinburgh fún wákàtí kan àti díẹ̀, mo sì sọ ọ́ láìtijú pé kò sí ibi tí mo ti rí i dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí.

Nítorí ohun tó wà níwájú wa ni omi. Ìdagẹ̀rẹ̀ ni Royal Mile, òjò ló jẹ́ kó hàn gbangba: omi ń sáré ṣáájú bọ́ọ̀sì, ó ń lọ síhà Holyrood, ibi tí close bá wà, díẹ̀ nínú rẹ̀ á yà sílẹ̀ bí ọmọ ilé ìwé tó ń sá kúrò lórí ìlà. Nígbà tí a gorí afárá George IV, àlàfo yọ láàárín ilé, a rí i pé títì mìíràn ń kọjá lábẹ́ wa. Cowgate ni. "Àfonífojì gúúsù nìyẹn," Àǹtí ló sọ ọ́, bí ẹni tó ń pe orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ àríwá, a wá àfonífojì kejì, a bá ọgbà Princes Street níbẹ̀. Èmi ni mo ṣàlàyé ìyẹn, mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé èmi náà mọ nǹkan. Adágún kan ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, Nor' Loch. Láyé ìgbà tí ilé àjà púpọ̀ kún orí ìrù yẹn, ojú fèrèsé ni wọ́n ti ń da omi ìdọ̀tí àti ìgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n á kígbe "gardyloo!" kí ẹni tó ń kọjá nísàlẹ̀ lè sá. Ẹ̀gbin náà a máa ṣàn gba inú àwọn close lọ sínú adágún. Ọdún 1759 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi rẹ̀ gbẹ. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ Ìlú Tuntun sí òdìkejì, lórí àwòrán tí James Craig yà tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1767, wọ́n kó iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ láti ìpìlẹ̀ ilé wá dà sí àárín ibi tí adágún wà. Òkìtì iyẹ̀pẹ̀ yẹn di ọ̀nà. The Mound ni wọ́n ń pè é, orí rẹ̀ sì ni bọ́ọ̀sì wa ń gbà gòkè.

Ọmọ mi bi mí bóyá rìsíìtì tíì wa ti dé ibi adágún. Mo ní ó lè ti dé.

Ní St Andrew Square, òpó ńlá kan dúró láàárín ọgbà. Ìdajì rẹ̀ nìkan la rí. Kùrukùru ti gba ìyókù. Àǹtí bi mí ẹni tó wà lórí rẹ̀. Mo ní Henry Dundas ni, olóṣèlú ọmọ Skọ́tláǹdì kan láyé àtijọ́. Ní 1792, wọ́n mú àbá wá sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Britain pé kí òwò ẹrú dópin. Dundas ló ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ kan há a láàárín: díẹ̀díẹ̀. Ọdún 1807 kó tó di pé òfin fi òpin sí òwò náà. Ní 2021, ìjọba ìlú lẹ àwo kan mọ́ ìdí òpó náà láti rántí àwọn ọmọ Áfíríkà tó lé ní ìdajì mílíọ̀nù tí wọ́n kó lẹ́rú nítorí ìdádúró yẹn. Àwọn òpìtàn kan kò gbà pé òun ló fà á, wọ́n ṣì ń jiyàn rẹ̀.

Wáípà lọ, ó bọ̀.

"Díẹ̀díẹ̀," Àǹtí ló tún un sọ. Kò fi nǹkan kan kún un. Ó ń fi àtàǹpàkò pa àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó bó, ó sì wo òpó náà títí bọ́ọ̀sì fi yà.

A wà lójú Princes Street, ọkọ̀ ti dúró sí ibùsọ̀, nígbà tí nǹkan bú gbàù lókè. Ara Àǹtí gbọ̀n, ó di apá ọmọ mi mú, ó ní "Jésù!" Dírẹ́bà rẹ́rìn-ín, ó ní aago kan ti lù nìyẹn. Ìbọn ńlá ilé olódi ni; láti 1861 ni wọ́n ti ń yìn ín ní aago 13:00, lójoojúmọ́ yàtọ̀ sí ọjọ́ Ìsinmi àti ọjọ́ mélòó kan lọ́dún, ìdí tí wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni kí àwọn ọkọ̀ ojú omi lè fi tún aago wọn ṣe. Gbogbo wa yíjú sí ibi tí ariwo ti wá. Funfun náà ni. Ọmọ mi ní, "Ìyá àgbà, ó kàn fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé òun wà níbẹ̀ ni."

Ọ̀rọ̀ ọ̀sán kò gùn. A lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti Skọ́tláǹdì ní Chambers Street, níbi tí a kì í sanwó wọlé, tí ilẹ̀ tẹ́jú, tí ẹ̀rọ agbéniròkè sì wà. A bá Dolly níbẹ̀ nínú àpótí gíláàsì, àgùntàn tí wọ́n fi sẹ́ẹ̀lì ara àgùntàn mìíràn ṣẹ̀dá nítòsí Edinburgh ní 1996. Ọmọ mi kò fẹ́ kúrò níwájú rẹ̀. Àǹtí wò ó yí po, ó ní ojú rẹ̀ kò jọ ti ẹni tó mọ nǹkan tí wọ́n tìtorí ẹ̀ ń pariwo. Lẹ́yìn ìyẹn, ó jókòó sábẹ́ òrùlé gíláàsì gbọ̀ngàn ńlá, ó na ẹsẹ̀, ó sì sùn fún ìṣẹ́jú 40 gbáko. Òjò ń lu gíláàsì lókè rẹ̀.

Mo jókòó tì í, mo ń ṣírò. Ohun tí mo pàdánù: tíkẹ́ẹ̀tì ilé olódi fún ẹni mẹ́ta, agbòjò kan, àti Arthur's Seat tí kò yẹ kó wà nínú ètò rárá. Gbogbo rẹ̀ ló ní ibi tí mi ò bá ti gbà á là. Ká ní mo wo afẹ́fẹ́ lórí fóònù dípò kí n wo òjò nìkan, mi ò bá ti mọ̀ pé agbòjò kò wúlò, ẹ̀wù òjò tó ní fìlà là bá wọ̀. Ká ní mo ra tíkẹ́ẹ̀tì ilé olódi láàárọ̀ ọjọ́ náà lẹ́yìn tí mo bá rí ojú ọ̀run, bóyá mi ò tilẹ̀ ní rà á. Èyí tó dùn mí jù ni ti Lawnmarket. Kì í ṣe òjò ló gbé Àǹtí ṣubú, aago ọwọ́ mi ni. Mo sọ fún un nígbà tó jí, mo dọ̀bálẹ̀ fún un níbẹ̀ láàárín àwọn òyìnbó, àwọn ọmọ kékeré kan sì dúró wò wá. Ó ní kí n dìde, ilẹ̀ tutù.

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ń tì ní aago 17:00. A jáde ṣáájú ìyẹn, a wọ bọ́ọ̀sì tí àwọn ará ìlú ń wọ̀ lọ sí Waverley, Àǹtí tún gba ìjókòó iwájú. Òjò ti ń dá, kùrukùru kò ká. Ní ẹnu ibùdókọ̀, ó dúró, ó yọ fóònù rẹ̀ jáde nínú báàgì, ó fi etí ìborùn nu ojú rẹ̀.

"Àkànní, ibo gan-an ni àpáta yẹn wà?"

Mo nawọ́ sí i. Kò sí nǹkan níbẹ̀ ju ìkùukùu lọ. Ó gbé fóònù sókè, ó ní kí ọmọ mi yẹra díẹ̀, ó ya ìkùukùu náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó yan èyí tó dára jù nínú wọn. Kí ọkọ̀ ojú irin tó kúrò, ó ti fi ránṣẹ́ sí gbogbo àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì lórí WhatsApp. Mo yọjú wo ohun tó kọ sábẹ́ rẹ̀: "Àpáta àti ìrù. Mo ti débẹ̀. Ìrù ni mo rí."